Gbọ̀ngàn Glover: Ilé Ìtàgé Èkó àti Ọwọ́ Ìjẹ̀bú Nínú Ìtàn Rẹ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá kó àwọn akọrin àti òṣèré wọ Gbọ̀ngàn Ìrántí Glover ní Èkó. Hubert Ògúndé ni orúkọ rẹ̀, Òsòsà ni ìlú rẹ̀. Eré tí ó gbé wá ni The Garden of Eden and the Throne of God. Ìjọ Aládùúrà kan ni ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kí wọ́n lè fi owó ìwọlé kọ́ ilé ìjọsìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún náà, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ oríṣiríṣi péjọ láti dá ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀. Herbert Macaulay ni wọ́n fi ṣe ààrẹ, Nnamdi Azikiwe ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé àgbà.

Oṣù mẹ́ta kò pé láàárín ọjọ́ méjèèjì. Ilé kan ṣoṣo ni tíátà òde òní ti àwa Yorùbá ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀, tí ọ̀kan nínú àwọn òpó ìjà òmìnira Nàìjíríà sì ti gba orúkọ. Àwọn tí ó dáwó kọ́ ilé náà kò ro irú èyí rí. Òyìnbó ni wọ́n fi ilé náà ṣe ìrántí rẹ̀, orin òyìnbó ni wọ́n sì ń múra láti máa kọ nínú rẹ̀. Ìtàn Gbọ̀ngàn Glover ni ìtàn bí onílé ṣe gba orí ìtàgé lọ́wọ́ àlejò, díẹ̀díẹ̀, láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Àwa ará Ìmùṣin àti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ìpín nínú ìtàn yìí ju bí ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ lọ.

Ọba Gòlóbà

Ọdún 1829 ni wọ́n bí John Hawley Glover. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní 1857 ó bá William Baikie gun odò Ọya nínú ọkọ̀ Dayspring, ọkọ̀ náà sì fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Láti ibẹ̀ ni Glover ti fi ẹsẹ̀ gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá títí ó fi dé Èkó. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú ní 1861, kò pẹ́ tí Glover fi di ẹni tí ń pàṣẹ níbẹ̀. Láti 1863 títí di 1872 ni ọwọ́ rẹ̀ fi wà nínú ìṣàkóso Èkó.

Òun ni ó la ọ̀nà etí omi tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì, tí a mọ̀ sí Marina lónìí, pẹ̀lú Broad Street tí ó tẹ̀ lé e. Òun náà ni ó kó àwọn Haúsá tí ó sá kúrò lóko ẹrú jọ, tí ó sọ wọ́n di ọmọ ogun. Láti ara àwọn yìí ni iṣẹ́ ológun Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀. Ó sún mọ́ àwọn onílẹ̀ àti ìjòyè Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Ọba Gòlóbà.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà ayé Glover, Ìjẹ̀bú ni ó mú ọ̀nà tí ọjà òkè ń gbà dé etí ọ̀sà. Àlejò kì í ti Èkó la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá bó ṣe wù ú. Ìjẹ̀bú ní ibodè, ó ní owó ibodè, ọjà Èjìrìn létí ọ̀sà sì ni oníṣòwò Èkó ti ń pàdé oníṣòwò tiwa. Ètò yìí ni Glover fẹ́ tú ká. Ní oṣù kẹta ọdún 1865, nígbà ogun Ìjàyè, tí Ẹ̀gbá, ọ̀rẹ́ Ìjẹ̀bú nínú ogun náà, dó ti Ìkòròdú, ọmọ ogun Èkó ni Glover rán lọ tí ó sì lé wọn dànù. Nígbà tí ó tún rí i pé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kò ní ṣí ọ̀nà, ó dojú kọ ìlà-oòrùn, ó ń bá àwọn ará Oǹdó sọ̀rọ̀ kí ọjà lè gba ọ̀dọ̀ wọn wọ ọ̀sà, kí ó má ba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá rárá. Ẹni tí ó fẹ́ yí ọ̀nà kúrò lẹ́nu ibodè ẹni, orúkọ rẹ̀ kò lè dùn létí àwọn baba wa.

Glover kú ní 1885. Àwọn ènìyàn Èkó tí inú wọn dùn sí i dáwó jọ láti fi gbọ̀ngàn kan ṣe ìrántí rẹ̀, ọdún 1887 ni ọ̀pọ̀ òpìtàn sì máa ń kọ fún un. Ọdún márùn-ún péré ni ìyẹn fi ṣáájú ogun Ìmàgbọn tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà.

Ibi tí Èkó ti ń kọrin tẹ́lẹ̀

Kí gbọ̀ngàn tó dé ni kóńsáàtì ti wà l'Ékòó. Àwọn Sàró tí ó ti Freetown padà wálé àti àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé ni wọ́n gbé e wọlé. Àwọn Sàró ti kọ́ dùùrù àti orin ìjọ ní ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì. Àwọn Àgùdà ní tiwọn kó ayẹyẹ ìjọ Kátólíìkì ti Bahia wá, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ òṣèré tiwọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1866, wọ́n ṣí ibì kan tí wọ́n pè ní The Academy, fún orin, ẹ̀kọ́ àti àpérò. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni baba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dìde sí i ni Robert Campbell, ará Jamaica tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Anglo-African ní 1863.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni kóńsáàtì gbilẹ̀. Robert Coker, tí ń tẹ dùùrù ní ìjọ Christ Church ní Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì, mọ orin tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Mozart ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kóńsáàtì ìgbà náà ní bí ó ti ń lọ: wọn a kọ́kọ́ tẹ dùùrù, ọ̀kan a dá orin kọ, méjì a jọ kọ, ẹnì kan a ka ewì Gẹ̀ẹ́sì lórí, wọn a sì fi eré apanilẹ́rìn-ín kékeré kádìí rẹ̀. Gómìnà a wá jókòó níwájú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ìwé ìròyìn bíi Lagos Observer a kọ ẹni tí ohùn rẹ̀ dára àti ẹni tí ohùn rẹ̀ já.

Ìṣòro wọn ni ibi tí wọ́n ń lò. Iyàrá ilé ìwé ìjọ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìjọ tí ó ni ilé ni yóò sọ irú orin tí wọ́n lè kọ, àtẹ́lẹwọ́ àlùfáà sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Èkó ń dàgbà, èbúté rẹ̀ ń gba ọkọ̀ láti Liverpool, Hamburg àti Bahia. Gbọ̀ngàn Glover wá di ibi tí kì í ṣe ti ìjọ kankan, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó ìháyà lè gbé ohun tí ó bá wù ú kalẹ̀ sí. Ohun tí ó yí ìtàn ilé náà padà nìyí. Ilé tí kò sí lábẹ́ àlùfáà kan, tí kì í sì í ṣe ọ́fíìsì ìjọba, kò lè pẹ́ kí onílé tó wọlé gba ibẹ̀.

Àwòrán tí ń rìn

Ohun ìyanu tí gbọ̀ngàn yìí kọ́kọ́ fi han gbogbo Nàìjíríà kì í ṣe orin. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, láti ọjọ́ 12 sí ọjọ́ 22, ilé iṣẹ́ Balboa ti ìlú Barcelona ní Spain fi sinimá hàn nínú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sinimá hàn fún gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí nìyẹn. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ni ó bá wọn ṣe ètò rẹ̀. Awọnlẹ̀ ni Macaulay, ó fẹ́ràn orin, ó mọ gòjé òyìnbó ta, ó sì ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ìṣèlú kò tíì gba gbogbo àkókò rẹ̀.

Àwòrán náà kò sọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn òǹwòran rí ni ọkọ̀ ojú omi tí ń rìn lórí ìgbì, àwọn tí ń jìjàkadì fún ẹ̀rín, àti ìwúyè Ọba Edward Keje. Lẹ́yìn àwọn ará Barcelona, òyìnbó míìràn tí ń jẹ́ Stanley Jones tún fi sinimá hàn nínú gbọ̀ngàn kan náà. Lára ohun tí ó fi hàn ni bí Aláké Gbádébọ̀ ti Abẹ́òkúta ṣe gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1904. Ẹ wo bí ọ̀nà náà ti yá kánkán: lẹ́yìn ìwúyè ọba òyìnbó, ọba Yorùbá ni ó hàn lára ògiri.

Orin ilẹ̀ wa ń kan ilẹ̀kùn

Ní ìgbà tí àwọn Sàró ń kọ orin Handel, ìjà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ. Ní 1888 ni àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ya kúrò lábẹ́ míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá Native Baptist sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni David Brown Vincent, tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di Mọjọlá Agbébì ní 1894, tí ó bọ́ kóòtù tí ó wọ agbádá. Ní 1901 ni African Church Bethel ya kúrò lára ìjọ Breadfruit. Àwọn ìjọ tuntun wọ̀nyí kò bẹ̀rù ìlù bí àwọn tí ó ṣáájú wọn. Ẹgbẹ́ Ifẹ̀, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèré nínú ìjọ, ni ó gbé eré D. O. Oyèdélé nípa Ọba Ẹlẹ́jìgbò kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20.

Àwọn olórin ìjọ kò sùn. Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta ń fi ohùn Yorùbá kọ orin ìyìn, ó sì lọ gbà á sínú àwo ní London ní 1922. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ olórí orin ní Christ Church ní Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí orin ìjọ yóò ṣe tẹ̀ lé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè wa, kí orin má baà sọ ọ̀rọ̀ di nǹkan mìíràn. Nígbà tí ó fi di ọdún 1930 lọ sí 1940, eré orin inú Bíbélì ní èdè Yorùbá ti di àṣà nínú àwọn ìjọ Èkó. Àwọn olùkọrin a dúró lójú kan, wọn a wọ aṣọ funfun, ọ̀kan a kọ ipa Mósè, èkejì a kọ ipa Fáráò, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ara ṣe é. Àwọn òǹwòran ń gbọ́ ìtàn, wọn kò rí i.

Ohun tí a ti ní kí gbọ̀ngàn tó dé

Ẹni tí ó bá rò pé Èkó ni ó kọ́ Ìjẹ̀bú ní eré, ẹ jẹ́ kí ó wá sí ilẹ̀ wa ní àkókò Agẹmọ. Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ni ó ń ti ìlú wọn gbéra lọ sí Ìmọ̀san, olúkúlùkù pẹ̀lú ijó tirẹ̀, orin tirẹ̀ àti ètò tirẹ̀. Nópà ti Ìmùṣin wà nínú wọn. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí àga, ojú ọ̀nà ni ìtàgé, òfin tí ó mú kí obìnrin wọlé nígbà tí Agẹmọ ń kọjá sì mú gbogbo ìlú wọ inú eré náà, ìbá à ṣe ẹni tí ó ń wò tàbí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ̀sìn ni, kì í ṣe eré ìdárayá. Síbẹ̀ gbogbo ohun tí onítíátà ń wá ni ó wà nínú rẹ̀: aṣọ, ìlù, ìgbésẹ̀, àti àwọn òǹwòran tí ara wọn ti yá gágá.

Yàtọ̀ sí ti ẹ̀sìn, alárìnjó náà wà. Láti Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń rin ìlú dé ìlú, wọ́n ń pidán, wọ́n ń fi ìwà èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, ó rí eré wọn níwájú Aláàfin. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi hàn ni òyìnbó funfun kan tí wọ́n fi aṣọ àti ara ṣe, tí àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín títí. Ọgọ́ta ọdún kí Gbọ̀ngàn Glover tó wà, òyìnbó ti wọ inú eré Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a ń fi ṣe ẹ̀rín.

Ogun Ìmàgbọn ti oṣù karùn-ún ọdún 1892 ṣí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sílẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé lẹ́nu ni bí àwọn tí ó ti tilẹ̀kùn mọ́ míṣọ́nnárì ṣe yára gba ilé ìwé, ìjọ àti mọ́sálásí lẹ́yìn náà. Ní 1913 ni Ìjẹ̀bú-Òde dá ilé ìwé gíráńmà tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń gba ojú omi Ẹ̀pẹ́ àti Èjìrìn lọ sí Èkó, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ń jókòó sí kóńsáàtì. Nínú ìran tí ó tẹ̀ lé ti Ìmàgbọn ni wọ́n ti bí ẹni tí yóò gba orí ìtàgé Glover.

Ọlọ́pàá tí ó gbé ìlù wọlé

Ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1916 ni wọ́n bí Hubert Ògúndé ní Òsòsà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, ìdílé ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹlẹ́sìn òrìṣà. Ọmọdé ni nígbà tí ó bá àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó rìn, tí ó ń bá wọn lùlù tí ó sì ń bá wọn jó. Ó kàwé ní Òsòsà, ní Fàájì l'Ékòó, àti ní Wàsímì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó di tíṣà, ó ń tẹ dùùrù nínú ìjọ. Ní 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn, nígbà tí ó yá wọ́n gbé e lọ sí Èbúté Mẹ́tà.

Ẹ ro ohun tí ó wà nínú ọkùnrin yìí pọ̀: dùùrù ìjọ, ìlù alárìnjó, èdè Ìjẹ̀bú, ẹ̀kọ́ Èkó. Nígbà tí ìjọ Aládùúrà ti The Church of the Lord, tí Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú dá sílẹ̀ ní Ògèrè Rẹ́mọ ní 1930, ní kí ó ṣe eré orin fún àwọn, kò ṣe é bí àwọn ìjọ yòókù ti ń ṣe é. Ó mú àwọn òṣèré kúrò lójú kan. Ádámù rìn, Éfà rìn, wọ́n jó, wọ́n fi ojú àti ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ìtàn Bíbélì ni, ṣùgbọ́n ara alárìnjó ni ó gbé e wọ̀.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, àwọn ènìyàn sì ní àfi kí ó tún un ṣe. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni Ògúndé kò ti yé kọ eré mọ́. Ní 1945 ó dá African Music Research Party sílẹ̀. Ní 1946 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sì fi eré ṣíṣe jẹun, èyí tí àwọn òbí ìgbà náà ń pè ní iṣẹ́ alágbe. Ètò eré rẹ̀ di àwòkọ́ṣe fún gbogbo ẹgbẹ́ tíátà tí ó tẹ̀ lé e: orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn òṣèré ń pè ní ópínìǹ gílì, lẹ́yìn náà eré gan-an, lẹ́yìn náà orin ìparí. Ẹni tí ó mọ alárìnjó yóò rí ìjúbà wọn nínú orin ìbẹ̀rẹ̀ yẹn.

Orí ìtàgé di pápá ìjà

Ìpàdé oṣù kẹjọ ọdún 1944 kò ṣàdédé wáyé. Ní ọdún náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ King's College dá iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ibi tí wọ́n kó wọn sí, ìjọba sì mú àwọn kan nínú wọn wọ iṣẹ́ ológun ní tipátipá. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ké sí àwọn àgbà, àwọn àgbà péjọ sí Gbọ̀ngàn Glover, NCNC sì jáde. Herbert Macaulay, tí ó ti ṣètò sinimá nínú ilé yẹn ní 1903, ni ó tún di ààrẹ ẹgbẹ́ tuntun nínú rẹ̀ ní ọdún mọ́kànlélógójì lẹ́yìn náà. Ó ku díẹ̀ kí ó pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1946.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1945 ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú Michael Imoudu tí ó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè, dá iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri nítorí oúnjẹ tí ó gbówó lórí nígbà ogun. Ìyanṣẹ́lódì náà wọ oṣù kẹjọ. Ọdún náà kò tíì parí tí Ògúndé fi gbé eré Strike and Hunger jáde. Nígbà tí ó gbé e dé Jos ní 1946, ìjọba dí i lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn lé e. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógún ní kòtò èédú Enugu ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, Bread and Bullet ni èsì tirẹ̀ ní 1950. Ní 1964, Yorùbá Ronú kan ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbẹ́sẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà. Ìjọba ológun Adékúnlé Fájuyì ni ó tú u sílẹ̀ ní 1966.

Gbogbo èyí ti ara alẹ́ kan ní Gbọ̀ngàn Glover wá. Ẹni tí wọ́n ní kí ó wá ṣe eré Ádámù àti Éfà ni ó wá sọ ìtàgé di ibi tí ìjọba ń bẹ̀rù. Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé fẹ́ ṣí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ọgbọ́n àti ọmọ ogun, ọmọ Ìjẹ̀bú sì wá ṣí ilé tirẹ̀ pẹ̀lú ìlù.

Lẹ́yìn Glover

Èkó kò dúró sí gbọ̀ngàn kan. Ní 1976 ni wọ́n kọ́ Gbọ̀ngàn Tíátà Àpapọ̀ sí Igánmú fún àjọ̀dún àṣà FESTAC ọdún 1977. Àwọn ará Bulgaria ni ó kọ́ ọ, àga inú ilé ńlá rẹ̀ tó 5,000. Ní 2024 ni wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é. Gbọ̀ngàn MUSON wà ní Oníkan fún àwọn tí ó fẹ́ dùùrù àti ohùn ẹlẹ́gbẹ́ orin. Ọgbà Freedom Park, tí wọ́n ṣí ní 2010 sí ibi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street wà tẹ́lẹ̀, ni àwọn ọ̀dọ́ ń lọ fún orin òde òní. Àwọn ilé wọ̀nyí tóbi ju Glover lọ, wọ́n sì dára jù ú lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìtàn tíátà àti ìtàn òmìnira ti pàdé ní ọdún kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀.

Ògúndé náà ò dúró. Ó gbé tíátà lọ sí ojú sinimá: Aiyé ní 1979, Jáiyésinmi ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982. Ìjọba àpapọ̀ pè é láti kó ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè jọ. Ó kú ní London ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990, wọ́n sì gbé e padà wá sin sí Òsòsà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú rí i

Ẹni tí ó bá gbéra ní Ìmùṣin yóò dé Ìjẹ̀bú-Òde, láti ibẹ̀ ni yóò yan ọ̀nà: ti Ṣágámù bọ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, ti Ìtòkín gba Ìkòròdú, tàbí ti Ẹ̀pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n yan ti Ẹ̀pẹ́ fún yín, nítorí apá ibẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní CMS. Ẹ kọ́kọ́ wo Christ Church, ibi tí Coker àti Phillips ti tẹ dùùrù. Láti ibẹ̀ ẹ wọ òpópónà Customs Street, níbi tí ilé ọjà ìpín ìdókòwò wà. Òpópónà yìí ni Glover Hall wà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà bóyá eré wà lọ́sẹ̀ náà, ẹ sì san owó wọlé bí ó bá wà, nítorí gbọ̀ngàn tí a kò ṣe eré nínú rẹ̀ kò ju ilé lásán lọ. Láti ibẹ̀, Tinúbú kò jìnnà, ẹ sì lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí àdúgbò àwọn Àgùdà ní Campos láti rí ilé tí àwọn ọ̀mọ̀lé ọmọ Brazil kọ́.

Ní ìpadàbọ̀, ẹ má kọjá Òsòsà láìyà. Kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ ni ibojì Ògúndé àti ibi tí ó ti ń ṣe sinimá wà. Ẹni tí ó rí Glover tí kò rí Òsòsà, apá kan ìtàn ni ó rí.

Iṣẹ́ tí ó kù lọ́wọ́ wa

A kò gbọdọ̀ fi ìyìn Èkó nìkan parí ọ̀rọ̀ yìí. Orúkọ Gbọ̀ngàn Glover kò parun nítorí pé àwọn kan ń kọ ọ́ sílẹ̀: ìwé ìròyìn kọ ẹni tí ó kọrin, ẹgbẹ́ tọ́jú ìwé ètò, òǹwòran kọ lẹ́tà. Ní Ìmùṣin àti ní àwọn ìlú tí ó yí wa ká, àjọ̀dún ìjọ wà, ayẹyẹ ilé ìwé wà, àpérò mọ́sálásí wà, wákà àti àpàlà ti kún ojúde wa. Ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀? Wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó lè sọ àrọ́bá náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, sí àwọn olórí ìjọ àti mọ́sálásí, àti sí àwọn olùkọ́ ilé ìwé wa ni èyí. Ẹ kó àwọn ìwé ètò kóńsáàtì àti àjọ̀dún àtijọ́ jọ kí ikán tó jẹ wọ́n. Ẹ rán àwọn ọmọ sí àwọn ìyá àti bàbá àgbà pẹ̀lú fóònù, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀: orin wo ni wọ́n kọ, ta ni ó lùlù, níbo ni wọ́n ti ṣe é, ọdún wo. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe eré nínú gbọ̀ngàn ìlú wa sí ara ògiri rẹ̀. Kí ẹ sì kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ sí Òsòsà àti sí Customs Street l'Ékòó lọ́dọọdún, kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ wọn ni ó sọ gbọ̀ngàn òyìnbó di ilé Yorùbá.